Ọmọ Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́ Níbi Ìkómọ

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti gbà kí n kọ ọ́. Ó kàn ní kí n má dárúkọ òun ni.

Nígbà tí ìyàwó àbúrò mi bímọ, èmi ni wọ́n ní kí n wá ṣe wáàsí níbi ìkómọ. Ilé kún. Wọ́n ti pa àgbò àkíkà, wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, mo sì ti sọ ohun tí mo máa ń sọ níbi ìkómọ láti inú Súrátul Mu'minuun, níbi tí Ọlọ́hun ti ṣàlàyé bí Ó ṣe ń dá ọmọ sínú ìyá rẹ̀ ní ìpele-ìpele, láti orí omi títí tó fi di egungun tí ẹran bò. Àwọn èèyàn ti ṣàmín, oúnjẹ ti ń jáde.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀, ọmọ ọdún 19, tó ń kọ́ físíìsì ní yunifásítì. Èmi ni mo kọ́ ọ ní kéwú láti orí álífù. Ó jókòó sábẹ́ kánópì pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹbí, gbogbo wọn sorí kodò sí fóònù rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ sáré gbé fóònù náà wá bá mi: “Áfáà, ẹ wo pílánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń dá lọ́wọ́!”

Mo wò ó. Ó rí róbótó, ó dúdú láàárín bí ẹni pé wọ́n fi owó kọ́ìnsì bo ojú fìtílà, nǹkan kan tó pupa bí ọsàn yí i ká, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan sì wà lápá ọ̀tún tó pọ́n bí ẹ̀yín iná.

Mo ní, “Ta ló ń dá a?”

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó wá dọ̀bálẹ̀, ó ní ìràwọ̀ kan ni, pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún márùn-ún lọ, pé ọmọ ọwọ́ nìyẹn láàárín àwọn ìràwọ̀, pé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tíì parí. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Máìkì tí mo fi ṣe wáàsí ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọn kò tíì pa á. Mo ní kí gbogbo ìjọ gbọ́ o, ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́hun fi dá sánmà àti ilẹ̀, Ó ti ṣe é tán, ẹni tó bá ní wọ́n ṣì ń dá nǹkan lọ́wọ́ lókè, kí olúwarẹ̀ lọ tún kálímà rẹ̀ sọ. Wọ́n pariwo Allahu Akbar. Ẹnì kan dìde, ó wá fi owó lé mi lọ́wọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín tí wọ́n bá gbá a létí láàárín ọjà. Ó gba fóònù rẹ̀, ó jáde.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ pè mí. “Áfáà, ọmọ yìí ò bá wa lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́. Mo bi í, ó ní ṣebí o ti lé òun kúrò nínú ẹ̀sìn lójú gbogbo ẹbí, kí lòun tún ń wá lọ síbẹ̀.” Ẹ̀gbọ́n mi kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ó tún ku èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì ní fi pamọ́. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn, ọkùnrin kan níbi àsàlátù wa bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti di kèfèrí. Mo ní, “Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.” Ta ni “wọ́n”? Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èmi náà ni mo tún ń sọ pé wọ́n ní. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-kéwú ní Súrátul Hujuraat, tí mo ń sọ fún wọn pé Ọlọ́hun pa á láṣẹ kí á wádìí ìròyìn dáadáa kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá.

Nínú oṣù kọkànlá ni mo wọ mọ́tò lọ bá wọn. Ọmọ náà wálé fún ọjọ́ díẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń kí onílé tó wá gba owó ilé ló ṣe kí mi. Mo jẹ́ kí ìyá rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ná. Mo ní, “Mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú.” Kò sọ nǹkankan. Mo ní, “Àlàyé tí o fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà, ṣe é fún mi. N kò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ.” Ó wojú mi fún ìgbà díẹ̀ kó tó mú fóònù.

Ohun tó kọ́ mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, bí mo ṣe lóye rẹ̀ sí.

Ó ní pílánẹ́ẹ̀tì kì í tàn bí ìràwọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ ló sì máa ń wà. Kí èèyàn máa wá a dà bí kí èèyàn máa wá tanátaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná mọ́tò tó dojú kọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú àwọn tó ju 5,000 tí wọ́n ti mọ̀ lẹ́yìn oòrùn tiwa, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ní àwòrán rẹ̀. Ìràwọ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣọ́. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá gba iwájú ìràwọ̀ kọjá, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á dín díẹ̀, bí ìgbà tí kòkòrò fò kọjá níwájú gílóòbù. Tàbí kí wọ́n rí i pé ìràwọ̀ náà ń mì síwá sẹ́yìn, nítorí ohun tó ń yí i po ń fà á. Ọ̀nà kejì yìí ni Michel Mayor àti Didier Queloz ti Switzerland fi rí èyí àkọ́kọ́ tó ń yí ìràwọ̀ tó jọ oòrùn wa po ní 1995, tí wọ́n sì torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019.

Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ọmọdé kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ń yí kíákíá, àpá dúdú ńláńlá wà lára rẹ̀, ó ń dédé bú gbàmù, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìjẹ́ pé pílánẹ́ẹ̀tì kankan wà níbẹ̀. Ní 2008, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì kéde pé àwọn ti rí pílánẹ́ẹ̀tì lára ìràwọ̀ ọmọdé kan tó ń jẹ́ TW Hydrae. Kò pẹ́ rárá tí àwọn mìíràn fi hàn pé àpá dúdú ara ìràwọ̀ náà ló ń yí pẹ̀lú rẹ̀, tó ń tan àwọn èèyàn. Ìràwọ̀ mìíràn wà, AU Microscopii, tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 20. Láti 2004 ni wọ́n ti rí eruku tó yí i ká, tí wọ́n sì ń fura pé nǹkan á wà nínú rẹ̀. Ọdún 2020 ni wọ́n tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń yí i po ní ọjọ́ mẹ́jọ ààbọ̀.

Mo ní, “Kí ló wá dé tí ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu sí ti ọmọdé? Ẹ kúkú máa wo àwọn àgbà.” Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti dé. Ó ní àgbà kì í sọ bí wọ́n ṣe bí òun.

Àǹfààní kan tún wà nínú ọmọdé náà. Pílánẹ́ẹ̀tì tí kò tíì pẹ́ láyé ṣì gbóná. Bí ẹ bá wọ ilé ìdáná lóru tí iná kò sí, ẹ ò ní rí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá na ọwọ́ súnmọ́ ọn, ara yín á sọ fún yín pé ó wà níbẹ̀. Irú ìmọ́lẹ̀ ooru yẹn, tí ojú wa kò lè rí, ni àwọn tẹlískóòpù ńlá fi ń wá wọn. Wọ́n á wá fi ohun róbótó kékeré kan dí ojú ìràwọ̀, bí àwa náà ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo oòrùn. Ohun dúdú tí mo rí láàárín àwòrán ọjọ́ ìkómọ nìyẹn. Wọ́n fi bo ìràwọ̀ ni kí ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè hàn.

Bí wọ́n bá rí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan, wọn kì í tíì kígbe. Ó lè jẹ́ ìràwọ̀ mìíràn tó wà lọ́nà jíjìn lẹ́yìn. Wọ́n á dúró fún oṣù tàbí ọdún, wọ́n á tún ya á, wọ́n á wò ó bóyá ó ń bá ìràwọ̀ yẹn rìn. Nígbà tó débí yìí, mo rántí wa bí a ṣe máa ń dúró lórí òkè wo oṣù Ramadan, tí ẹni kan á ní òun rí i, tí àwọn àgbà á ní kó tún fọwọ́ hàn wá, ta ló tún rí i pẹ̀lú rẹ? Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Lára ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Beta Pictoris, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rin ọdún 63 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, Anne-Marie Lagrange, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan nínú àwòrán tí wọ́n yà ní 2003. Ọdún 2008 ni wọ́n tó sọ ọ́ síta, wọ́n sì sọ pé ó lè jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n tún wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ìparí 2009 ló yọ sí apá kejì ìràwọ̀ náà, ibi tó yẹ kó yọ sí bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló ń yí i po. Ọdún mẹ́fà gbáko. Èmi kò lè dúró kí ọmọ kan sọ gbólóhùn mẹ́rin tán.

Lẹ́yìn náà ló wá ṣí àwòrán ọjọ́ náà fún mi. PDS 70 ni wọ́n ń pe ìràwọ̀ náà. Miriam Keppler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé àwòrán pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2018 láti orí tẹlískóòpù ńlá tó wà ní aṣálẹ̀ Atacama ní Chile. Ooru ara pílánẹ́ẹ̀tì náà tó nǹkan bí 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nǹkan bí ọdún 120 ló sì fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan. Inú àyè òfìfo kan láàárín eruku ló wà. Èyí kejì jáde ní 2019. Àwọn méjèèjì ń yọ ìmọ́lẹ̀ pupa kan tí háídírójìn máa ń yọ nígbà tó bá ń já bọ́ sórí nǹkan, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ṣì ń jẹun, wọ́n ṣì ń sanra. Nígbà tó di 2021, wọ́n fi hàn pé èyí kejì ní eruku tirẹ̀ tó yí i ká, tí òṣùpá lè ti ibẹ̀ jáde. Òṣùpá, ẹ̀yin èèyàn!

Nǹkan bí ọdún 370 ni ìmọ́lẹ̀ náà fi rìn. Èyí tó wọ inú tẹlískóòpù ní 2018 ti gbéra níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó bí Shehu Usman Dan Fodio. Mo dákẹ́ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó tún fi òmíràn hàn mí tó tún kéré sí i lọ́jọ́ orí. HL Tauri kò tíì pé mílíọ̀nù ọdún kan. Ní 2014 ni wọ́n fi ALMA yà á, ẹ̀rọ tó ní àwo ńlá 66 lórí ilẹ̀ tó ga tó 5,000 mítà. Eruku tó yí i ká ní ìlà òrùka-òrùka bí ara àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn bàbá wa ń lò. Ohun tó ya àwọn onímọ̀ fúnra wọn lẹ́nu ni pé ìlà yẹn ti wà níbẹ̀ ní kékeré bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ló ń la ọ̀nà yẹn bí wọ́n ṣe ń kó eruku jọ sára.

Mo wá bi í ní ohun tó wà lọ́kàn mi láti ìgbà ìkómọ. “Ọjọ́ mẹ́fà ńkọ́?”

Kò dá mi lóhùn bí ẹni tó fẹ́ borí. Ó ní, “Áfáà, ọmọ tí ẹ kó jáde lọ́jọ́ yẹn, ta ló dá a? Nígbà wo ló dá a?”

Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ ló wà lórí ẹsẹ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ níwájú mi, nínú aṣọ funfun, nígbà tí mo gba máìkì tí mo ní Ọlọ́hun kò dá nǹkan mọ́. Kò tíì pé wákàtí kan tí èmi fúnra mi ṣàlàyé bí Ọlọ́hun ṣe ń dá a nínú oyún. Mo mọ ohun tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ Súrátu Faatir, pé Ọlọ́hun ń ṣe àlékún sí ẹ̀dá bí Ó ti fẹ́. Mo ti kọ́ àwọn èèyàn rí. Sísọ pé ọmọ kan ń dàgbà nínú oyún lónìí kò ta ko ọjọ́ mẹ́fà lọ́kàn mi rí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọdé ni ọ̀rọ̀ ti jáde, orí fóònù ló sì wà, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ẹ̀sìn ni mo ń gbèjà.

Ìtìjú mú mi débi pé mo fẹ́ fi nǹkan tù ú nínú. Mo ní, “Àní ó wà nínú Kùránì tẹ́lẹ̀! Ìràwọ̀ mọ́kànlá tí Ànábì Yusuf lá lálàá, ṣebí pílánẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ni?” Ọmọ náà fọwọ́ borí. “Áfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn kún un.” Òótọ́ ló sọ. Súrà náà fúnra rẹ̀ fi hàn ní ìparí pé àwọn mọ́kànlá yẹn, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Yusuf ni. Àwọn oníwáàsí tó ń fi ààyá ka iye pílánẹ́ẹ̀tì kò sì ro ohun tí wọ́n máa sọ bí iye bá yí padà, bí ìgbà tí wọ́n yọ Pluto kúrò lára wọn ní 2006. Mo rí i pé àṣìṣe kan náà ni mo tún fẹ́ ṣe láti apá kejì. Nígbà tí Ibrahim ọmọ Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kú, tí oòrùn sì wọ òkùnkùn lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ní ikú ọmọ náà ló fà á. Ọ̀rọ̀ náà ì bá gbé e ga lójú wọn. Kò gbà á fún wọn. Nínú ọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀, kò gbà kí wọ́n fi ohun tí kì í ṣe òótọ́ kọ́ sánmà lọ́rùn nítorí tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Iṣáì, wọ́n mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò. Ó ní kí n jẹ́ ká jáde síta. Ó nàka sí ìràwọ̀ kan ní apá gúúsù, tó dá wà láìsí òmíràn tó mọ́lẹ̀ nítòsí rẹ̀. “Fomalhaut nìyẹn.”

Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè. Mo ní, “Lárúbáwá nìyẹn! *Famul-huut*. Ẹnu ẹja.” Ẹnu yà á. Ó ti ń pe orúkọ yẹn fún ọdún méjì láìmọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún un nípa Abdur-Rahman as-Sufi, ará Páṣíà, tó kọ ìwé nípa àwọn ìràwọ̀ ní nǹkan bí 964, tó ń ya àwòrán wọn, tó ń kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó, tó sì ń tún àṣìṣe àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe. Ó ní kí n tún orúkọ rẹ̀ pè kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó wá sọ ti ìràwọ̀ náà fún mi. Ní 2008, Paul Kalas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti rí pílánẹ́ẹ̀tì lára rẹ̀ nínú àwòrán Hubble. Gbogbo ayé gbọ́. Ní 2015 wọ́n tilẹ̀ dìbò sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n pè é ní Dagon, orúkọ òrìṣà àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Kénáánì (n kò sọ̀rọ̀ síyẹn o, mo ti kọ́gbọ́n). Ṣùgbọ́n bí ọdún ṣe ń lọ ló ń ṣá, títí tí kò fi hàn mọ́. Ní 2020, András Gáspár àti George Rieke ní Arizona ṣàlàyé pé eruku ni, pé nǹkan ńlá méjì ló forí gbárí, tí eruku wọn ń fẹ̀ tó ń tú ká.

Mo ní, “Wọ́n parọ́ nìyẹn.”

Ó ní, “Rárá, Áfáà. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì fi àwòrán sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Àwòrán Hubble yẹn náà ni wọ́n fi tún un ṣe.”

Mo dúró nínú òkùnkùn yẹn, mo ń ro ohun tí èmi fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti yẹ̀ wò nígbà tí mo ní “Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni.”

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo gba máìkì níbi àsàlátù, mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sọ pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ náà, mo sọ fún ọkùnrin tó bi mí léèrè lójú gbogbo ìjọ pé kò sí “wọ́n” kankan níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi náà, mo lọ síbẹ̀. Àwọn kan ní yunifásítì ti ra èmi náà. Ẹni tó fi owó lé mi lọ́wọ́ níbi ìkómọ kò kí mi mọ́ títí di òní.

Ọmọ náà kò tíì padà sí mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn. Ìyá rẹ̀ ní ó ń kírun nínú yàrá, n kò sì tíì bi í ní ìbéèrè kankan nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mú iná lọ lálẹ́, ó máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé, “Áfáà, ẹ jáde síta.” Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jáde, ojú sánmà ṣú bolẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i pé n kò rí nǹkankan.

Ó ní kí n ṣì dúró.